Ìlàjì púlọ́ọ̀tì, ọdún méjì: ṣé kí n gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀?

Màmá Ìpájà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìpájà, ìlàjì púlọ́ọ̀tì, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Ẹni tó ni ín wà ní Kánádà. Koríko ti bò ó, ejò méjì la ti pa níbẹ̀ lọ́dún yìí. Mo pè é lórí fóònù pé kó jẹ́ kí n máa ro ó. Ó ní kò burú, pé òun ò ní kọ́lé síbẹ̀ kó tó di ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti ń bà mí lẹ́rù ni. Ẹ ó rántí oṣù Èrèlé 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣà n'Ìbàdàn, tí àwọn oníṣòwò òkè ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, tí wọn ò jẹ́ kó wọ gúúsù mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àlùbọ́sà àti tòmátì di ohun tí à ń wá kiri. Nígbà tí wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí 2023, owó ọkọ̀ gun orí gbogbo nǹkan. Ẹni méje la wà nílé. Mo ní bí n ò bá lè gbin ìrẹsì, ṣé ẹ̀fọ́ náà ni n ó máa san owó ọkọ̀ lé lórí?

Mo ti fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà wò. Ọ̀rá ni mo bá níbẹ̀, ìgò fífọ́, àjákù búlọ́ọ̀kù, iyanrìn funfun. Kànga wà lẹ́yìnkùlé wa, àmọ́ sókáwéè aládùúgbò kò jìnnà sí i. Ṣé ilẹ̀ yìí ṣe é gbìn? Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọdún méjì tó ohun tí èèyàn ń náwó lé lórí?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Badagry

Màmá, ẹ kú ìmúra. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ lápá Òjó, lábẹ́ wáyà iná ńlá. Ilẹ̀ náà kò fìgbà kankan jẹ́ tèmi, síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti rí owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. Ọdún méjì tó dáadáa. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe kòkó.

Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá fọ́n lónìí, tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ti ń fà á tu. Ewédú ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Bí ẹ bá gé e tí ẹ kò fà á tu, á tún rú, ẹ ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ṣọkọ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi tòmátì sílẹ̀ ná. Tòmátì l'Ékòó nígbà òjò, ewé á pọ́n, ìdí á rà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ewédú ní ọgbọ́n kan. Èso rẹ̀ le lára, bí ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná títí á fi hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ rì í bọ omi tútù. Ẹ sá a síbi òjìji kó gbẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọ́n ọn, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, torí ó kéré púpọ̀, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ máa rọ́ sí.

Ti omi ni kí ẹ rò dáadáa. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà ẹ̀rùn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, torí iyanrìn kì í gba omi dúró. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń rẹ èèyàn, kì í ṣe ìdí ọkọ́. Ẹni tí kò bá lè pọn omi kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Oko Etílé

Ìyá Ìpájà, mo kí i yín. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, inú rẹ̀ la dàgbà sí. Oko méjì ni bàbá mi ní: oko etílé àti oko ọ̀nà jíjìn. Iṣu àti àgbàdo ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀fọ́, ilá àti ata, etílé ni, àti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ààtàn, torí ìdọ̀tí lásán ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí kà á sí. Gbogbo agboolé ló ní ààtàn tirẹ̀. Eérú ààrò, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé ẹ̀kọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ibẹ̀ là ń da gbogbo rẹ̀ sí. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, ilẹ̀ ibẹ̀ á dú, á rọ̀. Bí o bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láàárọ̀, wàá gbọ́ ooru. Tẹ̀tẹ̀ tó ń hù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbìn ín, ewé rẹ̀ sì tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ìyá mi á ti gbé ọbẹ̀ kaná kó tó rán mi pé kí n lọ já gbúre wá létí ààtàn. Bí mo bá fi máa dé, ata ò tíì jinná.

Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀. Ilé ìwé ń ro ilẹ̀, bárékè ń ro ilẹ̀, wọ́n ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kí wọ́n fi ìsinmi ṣiṣẹ́ oko. Mo wà lára wọn. Àgbàdo kún ẹ̀yìn ilé gbogbo. Nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí máa fi gbé Green Revolution dé ní 1980, a ti gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ajílẹ̀ inú àpò ni wọ́n ń pín fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí a tọ́jú ààtàn wa. Ìgbà tí àpò ò wá mọ́, ilẹ̀ ò ní nǹkan kan nínú tó máa fi bọ́ ohun ọ̀gbìn. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ dá ààtàn sílẹ̀.

Ọmọ Láàbù

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Bàbá, ẹ ṣé gan-an sà. Àfikún tèmi ni pé ààtàn ayé ìgbà yẹn kò ní bátìrì nínú.

Màmá, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò: kí ni wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Ṣé mẹkáníìkì dúró síbẹ̀ rí, àbí àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò? Ṣé wọ́n ń sun ìdọ̀tí níbẹ̀? Òjé tó wà nínú bátìrì àti ọ̀dà àtijọ́ kì í kúrò nínú ilẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́. Ní 2010, ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù láàárín ilé, òjé tó tú sínú ilẹ̀ àti eruku pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Tiwa kò ní tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ nǹkan kan náà ni.

Bí ìdáhùn wọn bá kọ yín lóminú, ẹ bu ilẹ̀ náà lójú mẹ́fà méje, ẹ pò ó pọ̀, ẹ gbé e lọ sí láàbù tó ń yẹ ilẹ̀ wò. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní i, Moor Plantation, ibi ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, náà ní i. Bí òjé bá wà níbẹ̀, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sínú ilẹ̀ náà gan-an. Ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ da ilẹ̀ tó mọ́ sínú rẹ̀. Ewé àti gbòǹgbò ló ń gba òjé jù. Ilá àti ata kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á sínú èso wọn. Ẹ̀fọ́ etí títì sì gbọ́dọ̀ gba omi dáadáa kó tó wọ ìkòkò, torí eruku.

Ti kànga yẹn: ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí ewé, kí ẹ má sì gbin ohun tí à ń jẹ ní tútù. Létúùsì kò sí nínú rẹ̀, kùkúḿbà kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó máa kan iná ni kí ẹ gbìn.

Ọmọ Ìyànà

N kò fẹ́ ba ọkàn Màmá jẹ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Èkó ló kéré jù ní ilẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, omi sì gba apá kan nínú ìwọ̀nba tó ní. Gaàrí wa ń ti ibòmíì wá. Ẹ̀wà ń ti òkè ọya wá. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ní Ìmọ́tà, ẹ̀rọ tó lè bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ìrẹsì tí ẹ̀rọ yẹn máa bó ńkọ́? Ilẹ̀ Èkó kò lè gbin ìyẹn láé. Títì tó dáa àti ibi ìkóúnjẹ-pamọ́ ló máa bọ́ ìlú. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mẹ́wàá ní Ìpájà kò ní kí ebi má pa ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Agége

Ọmọ Ìyànà, o ò purọ́ nípa ìrẹsì. Àmọ́ ẹ̀fọ́ lèmi ń tà, ọdún kejìlélógún rèé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀fọ́ fún ọ.

Aago mẹ́rin àbọ̀ òru ni mo ti ń wà lóko pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. A máa gé ewédú nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, a ó dì í ní ìdì-ìdì, a ó fi àpò tútù bò ó. Bí mo bá gúnlẹ̀ sọ́jà ní aago mẹ́fà, ó ṣì ń dán. Ní aago mẹ́wàá, mo ti wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá di aago méjì ọ̀sán, ojú ibi tí a ti gé e á dúdú, ewé á máa rọ sílẹ̀, oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á sì kọjá lọ. Ohun tó bá kù di alẹ́, mo dà á nù ni. Ìrẹsì lè wà nínú àpò fún ọdún kan. Ewédú kò lè wà nínú lọ́rì fún ọjọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí ewédú tí ẹ ń jẹ l'Ékòó fi jẹ́ pé inú Èkó níbí àti ẹ̀bá rẹ̀ ló ti ń wá, lábẹ́ wáyà, létí odò, lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíì ń retí àtikọ́lé sí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ́lé sórí ọ̀kan, ọ̀nà tí mò ń rìn á tún gùn sí i, ìdì á sì kéré sí i. Owó kan náà ni, àmọ́ ìdì kéré. Ẹ̀yin oníbàárà ń bú wa, ẹ ò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń lọ.

Màmá Ìpájà, ẹ má gbé ẹ̀fọ́ yín wá sọ́jà fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ ta fún àdúgbò láàárọ̀. Ìyókù, ẹ wá alájàpá kan tó máa rà á ní bẹ́ẹ̀dì-bẹ́ẹ̀dì lórí ìdúró, kó fúnra rẹ̀ gé e. Kó san ìdajì kó tó mú ọ̀bẹ jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ń san.

Ọmọ Ìyànà

Ẹ ṣé, Màmá. N ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ títì ṣì wà nílẹ̀ o.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Mo ń kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo. Ibùdó Songhai wà níbí, àlùfáà Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ilẹ̀ tí kò dáa, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì wú mi lórí jù ni pé wọn kì í da nǹkan kan nù. Wọ́n máa ń jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ìfun ẹran àti ìgbẹ́ adìẹ, ìdin á yọ níbẹ̀, ìdin á di oúnjẹ ẹja. Omi adágún ẹja, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń fi bomi rin. Ìgbẹ́ ẹran ń wọ inú kòtò tí wọ́n dé pa, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná.

Màmá kò nílò gbogbo ìyẹn. Àmọ́ bí aládùúgbò yín bá ń sin adìẹ tàbí tó ní ẹja nínú adágún tapólì, omi tó ń dà sí gọ́tà yẹn, ajílẹ̀ ni. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Havana

Mo lo ọdún mẹ́fà ní Havana, olú ìlú Kúbà, nígbà tí mò ń kàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí ó bá ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìyànà mu, ó sì bá ti Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ mu.

Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká ní 1991, epo, ajílẹ̀ àti oúnjẹ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sí Kúbà dáwọ́ dúró. Katakata kú sójú oko, wọ́n padà sídìí akọ màlúù. Ebi pa wọ́n. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀ àárín ilé. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ kọnkéré tàbí òkúta, wọ́n á to nǹkan yí i ká, wọ́n á da ajílẹ̀ kún un, wọ́n á gbin nǹkan sí i. Organopónico ni wọ́n ń pè é. Èyí tí mo mọ̀ jù ni Vivero Alamar, ní ìlà-oòrùn ìlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997. Ó tó hẹ́kítà mẹ́wàá, láàárín àwọn ilé alájà márùn-ún. Iwájú oko ni tábìlì ìtajà wà: o máa rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìjọba ló ni ilẹ̀, àwọn tó ń ro ó kò lè tà á, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ọdún bí ọdún tọ́jú ilẹ̀ kan náà títí tó fi dúdú.

Síbẹ̀, kò tó. Títí di òní, òkè òkun ni Kúbà ti ń ra ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ìrẹsì pàápàá. Ewé ni ìlú lè gbìn fún ara rẹ̀, ọkà kọ́.

(Lẹ́yìnkùlé àwọn àgbà Lukumí, ìyẹn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Kúbà, ni mo ti rí òdúndún nínú ìkòkò. Ewé dundun ni wọ́n ń pè é. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.)

Ẹni Tí Wọ́n Fi Katakata Tú

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ ìwé.

Bíi ti Màmá ni tèmi rí. Onílẹ̀ ní kí n máa lò ó, ẹnu lásán la fi sọ ọ́. Mo kó ìgbẹ́ adìẹ ogójì àpò síbẹ̀ láàárín ọdún kan, mo yọ gbogbo òkúta ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ewédú mi ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ó gé, mo gbọ́ ariwo katakata. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Ẹni tó rà á kò mọ̀ mí rí. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ewédú bó ṣe ń wọlé sábẹ́ irin. Kì í ṣe owó ló dùn mí jù, ilẹ̀ tí mo ti tún ṣe yẹn ni. Wọ́n kó o jù sínú típà.

Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp: déètì tí ẹ bẹ̀rẹ̀, déètì tó parí, pé ẹ kò ní sọ pé ilẹ̀ di tiyín, pé bó bá máa tà á tàbí kọ́lé sí i, kó sọ fún yín ní oṣù méjì ṣáájú. Oṣù méjì tó fún ewédú láti jáde. Kí ẹnì kan láti ìdílé rẹ̀ tó wà nílé mọ̀ sí i. Onílẹ̀ náà máa jèrè: ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í di ibi ìdalẹ̀, ọmọ onílẹ̀ kì í sì tètè wọ̀ ọ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Badagry

Ẹ pẹ̀lẹ́, arákùnrin. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má gbin ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n tọrọ.

Màmá Ìpájà

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti ṣe ti ìwé. Onílẹ̀ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́, àbúrò rẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà àdúgbò ní kò sí mẹkáníìkì níbẹ̀ rí, pápá bọ́ọ̀lù ni tẹ́lẹ̀.

Ó ti di oṣù kẹta báyìí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ni mo là fún ewédú nìkan. Tẹ̀tẹ̀ dáa. Ṣọkọ dáa. Ewédú tó wà ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà dáa, a ti gé e lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì méjì tó wà lápá ògiri, ewé wọn pọ́n, wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Mo fa ọ̀kan tu: gbòǹgbò rẹ̀ rí kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Kí nìyẹn?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Badagry

Kòkòrò inú ilẹ̀ ni, ojú lásán kò lè rí i. Ó fẹ́ràn ewédú àti ṣọkọ gan-an. Ẹ fa gbogbo wọn tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹ má jù wọ́n sí ààtàn o, ẹ sá wọn gbẹ kí ẹ sun wọ́n. Ẹ tú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì kí oòrùn pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀, ẹ má dá ewédú padà síbẹ̀ lọ́dún yìí. Kí ẹ da ìgbẹ́ adìẹ sí i dáadáa, èyí tó ti pé oṣù méjì nílẹ̀. Tútù á jó irúgbìn pa.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Agége

Èló ni ẹ ta bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà yẹn?

Màmá Ìpájà

Mẹ́rin ni mo tà, Màmá. Alájàpá san ìdajì ṣáájú bí ẹ ṣe wí. Méjì la jẹ, a fún àbúrò onílẹ̀ nínú rẹ̀, a fún ìyá arúgbó tó wà lójúlé kejì. Owó náà ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí mo dá ihò sí ìdérí wọn láti fi bomi rin, ó sì ku díẹ̀. N ò tíì rí owó ọkọ́ àti owó irúgbìn padà, àmọ́ n ò ra ẹ̀fọ́ láti ọ̀sẹ̀ méje.

Bàbá Oko Etílé, ẹ gbọ́ tiyín. Mo gbẹ́ kòtò kan sí igun ilẹ̀, mo fún ilé mẹ́sàn-án ládùúgbò ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan pé èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa dà sí i, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń yọ ọ̀rá nínú rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rá méjì péré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà nílé kejì ló ń gba bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kalẹ̀ báyìí, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Obìnrin tó ń dín dòdò ní ìkóríta ń kó èèpo tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀ ní gbogbo alẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Ó gbóná.

Bàbá Oko Etílé

Ẹ yí i padà lọ́jọ́ Sátidé, kí ti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó.